Ìṣọ́ Òru ní Bẹ́ẹ̀dì Kẹta

Ọkọ̀ agbégẹdú ló kọ lù ú lójú ọ̀nà Ìdànrè,
Akínfọlárìn, ẹni tí í jó irin ní Ìsìnkàn.
Egungun ìhà rẹ̀ rún bí apẹ̀rẹ̀ kòkó tí wọ́n jókòó lé.
Èérí iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀;
a fọ ẹ̀jẹ̀ tán, a fọ dúdú yẹn tì.

Rọ́bà gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé,
ẹ̀rọ ń mí sí i nínú.
Kò kú. Kò sùn. Kò sí nílé, kò lọ sóko.
Kí ni kí n pè é fún ìyàwó rẹ̀
tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà láti àná?

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ti jẹun?"
Ohun tí Ìbíyẹmí ń bi mí nìyẹn ní wákàtí wákàtí.
Mo ní a ń fi rọ́bà tín-ín-rín bọ́ ọ, mílíìkì ni.
Ó fò dìde: "Inú rẹ̀ kì í gba mílíìkì o!
Ó máa rò pé kò sí ará ilé rẹ̀ níbí."
Mo kọ ọ́ sínú fáìlì, lábẹ́ ìwọ̀n ìfúnpá:
kì í mu mílíìkì. Ìyàwó ló sọ bẹ́ẹ̀.

Aago méjì òru lé díẹ̀, iná lọ.
Àkúrẹ́ ṣú láti Alágbàká dé Ìjàpọ̀.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́;
ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ilé díísù ń sùn ní Ọ̀dà.
Bátìrì ẹ̀rọ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ:
ó ké, ó ké, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.
Dókítà Olúwatúyì ti sáré jáde láìwọ bàtà.

Mo yọ ọ́ lára ẹ̀rọ, mo fa àpò rọ́bà yọ.
Fún un. Tú u.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Fún un.
Ìyá mi a máa sọ pé a lè yá owó, a lè yá aṣọ,
a kì í yá èémí.
Ìyá mi kò ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yìí rí.

Òfin ní kí ará ilé má wọlé.
Mo ní, "Ìbíyẹmí, wọlé, gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ wá."
Ó tan án sí mi lọ́wọ́, kò tan án sí ọkọ rẹ̀ lójú.
Nígbà tó yá, mo rí i pé àyà rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi:
mo fún, ó mí sínú; mo tú, ó mí síta.
Èmi náà ń bá wọn mí.
Èèyàn mẹ́ta, èémí kan.

Ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, Fadékẹ́mi ń fún ti màmá Ìjù,
ìyá arúgbó tó pe orúkọ ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo
kí a tó fi rọ́bà sí i lọ́fun.
Mo ń gbọ́ àpò méjèèjì, tèmi àti tirẹ̀,
bí ẹni méjì tó ń rìn lórí ewé gbígbẹ.
Lójijì ó ku ẹnì kan tó ń rìn.
N kò yíjú. Bí mo bá yíjú, oǹkà á dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ogójì ìṣẹ́jú kí díísù tó dé.
Iná tàn, iná tí kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni:
ó fi nọ́ńbà Akínfọlárìn hàn wá, àádọ́rùn-ún lé kan,
ó fi aṣọ tí a fà bo bẹ́ẹ̀dì kẹrin hàn wá,
àti Fadékẹ́mi tó ṣì di àpò mú.
Ìbíyẹmí pa tọ́ọ̀ṣì.
Ó ní, "Ẹ̀kọ ni kí ẹ fún un. Ẹ̀kọ gbígbóná."

Lówùúrọ̀ mo gba Arákàlẹ̀ lọ sílé.
Mo mú ọsàn kan lórí àtẹ ọmọdé kan.
"Àǹtí, ẹ ti fún un jù! Ẹ ti fún un bàjẹ́!"
Omi ọsàn ń ṣàn gba ọrùn ọwọ́ mi,
ìka mi ṣì ń kà.
Mo san owó rẹ̀. Aago méje alẹ́ ni n ó padà.